Maximilian Nitze: Dókítà tó gbé iná wọ inú àpò ìtọ̀

Ṣáájú ọdún 1877, kò sí dókítà kan láyé tó lè fi ojú ara rẹ̀ wo inú àpò ìtọ̀ ènìyàn tó wà láàyè kó sì rí i dáadáa. Bí ọkùnrin kan bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìtọ̀ há mọ́ ọn lára, ìméfò ni dókítà ń bá a mé. Wọn a ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé, wọn a sì dẹtí sílẹ̀ bóyá irin náà yóò kan nǹkan kí ó dún. Bí ó bá dún, òkúta ni. Bí kò bá dún, bóyá egbò ni, bóyá kókó ni, bóyá jẹjẹrẹ ni, ta ni yóò sọ? Àwọn oníṣẹ́ abẹ mìíràn tilẹ̀ máa ń fi ọ̀bẹ la abẹ́ aláìsàn, láàárín ẹpọ̀n àti ihò ìdí, kí ìka ọwọ́ wọn lè rọ́nà wọ inú àpò ìtọ̀ lọ fọwọ́ bà á wò. Ìrora rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ewu rẹ̀ sì pọ̀. Tí wọ́n bá sì la aláìsàn tán tí wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ọgbẹ́ tí wọ́n dá sí i lára ni èrè rẹ̀.

Ẹni tó fòpin sí ìméfò yìí ni Maximilian Nitze, ọmọ Jámánì, tí wọ́n bí ní ìlú Berlin ní ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1848. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Heidelberg, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Würzburg, ó sì parí rẹ̀ ní Leipzig, níbi tó ti gboyè dókítà ní ọdún 1874. Lẹ́yìn èyí ló lọ ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí igbákejì dókítà ní ọsibítù ìjọba ìlú Dresden. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, kò lókìkí, kò sì lówó lọ́wọ́. Ohun tó ní kò ju ìbéèrè kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kó sinmi lọ: ọ̀nà wo ni ojú yóò gbà dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé?

Nitze kọ́ ló kọ́kọ́ béèrè rẹ̀, kò sì yẹ kí ìtàn bo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1806, nígbà tó ṣì ku ọdún méjìlélógójì kí wọ́n tó bí i, dókítà kan tó ń jẹ́ Philipp Bozzini ní ìlú Frankfurt ti ṣe ohun èlò kan tó pè ní Lichtleiter, ìyẹn ohun tó ń darí ìmọ́lẹ̀. Àbẹ́là ni Bozzini tàn sínú rẹ̀, ó fi jígí tì í lẹ́yìn, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ ara ènìyàn lọ. Wọ́n gbé ohun èlò náà dé Vienna, ní orílẹ̀-èdè Austria. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àwọn ológun yẹ̀ ẹ́ wò, inú wọn sì dùn sí i, ṣùgbọ́n àwọn àgbà dókítà yunifásítì fárígá. Ibi tí erin méjì ti ń jà, koríko ibẹ̀ ló ń faragbá a: wọ́n gbé iṣẹ́ Bozzini tì sápá kan. Ọkùnrin náà kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì nígbà tí ibà typhus pa á ní ọdún 1809. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Antonin Desormeaux gbé tirẹ̀ jáde ní Paris ní ọdún 1853. Fìtílà tó ń jó ọtí líle tí wọ́n pò mọ́ òróró turpentine ni tirẹ̀ ń lò. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ju ti àbẹ́là lọ, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ pọ̀, ìta ara sì ni fìtílà náà wà.

Àṣìṣe gbogbo wọn nìyẹn. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó na àtùpà sókè, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ojú ihò kọ́kọ́rọ́ wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn, kí ni yóò rí? Díẹ̀ ṣíún ni yóò dé inú, ojú rẹ̀ kò sì ní í rí ju ibi tí ihò náà dojú kọ lọ. Ohun tó yé Nitze ni pé ẹni tó bá fẹ́ rí inú yàrá gbọ́dọ̀ gbé àtùpà wọ inú rẹ̀. Lójú ẹni tó bá gbọ́ ọ lónìí, ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè sọ ni. Ṣùgbọ́n àtùpà wo ló fẹ́ gbé wọ inú àpò ìtọ̀ ènìyàn, níbi tí omi wà, tí ẹran ara rẹ̀ rọ̀ bí ewé, tí ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ kò sì tó ìka ọwọ́ kékeré?

Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ díẹ̀, lọ́wọ́ oníṣègùn eyín kan. Julius Bruck, tó ń ṣiṣẹ́ ní Breslau, ìlú tó ń jẹ́ Wrocław ní Poland lónìí, ti fi hàn ní ọdún 1867 pé bí iná mànàmáná bá gba inú wáyà platinum kọjá, wáyà náà yóò pọ́n, yóò sì tan ìmọ́lẹ̀ funfun. Kí ooru rẹ̀ má baà jó ènìyàn, Bruck ní kí omi tútù máa ṣàn yí i ká. Nitze gba ọgbọ́n yìí, ó sì pinnu láti gbé wáyà náà dé orí ọ̀pá irin, kí ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún.

Ọgbọ́n kejì ló jẹ́ tirẹ̀ gan-an, òun ló sì wúni lórí jù. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó ń nu awò maikirosíkóòpù lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan ní Dresden, ló bá gbé awò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ló bá rí ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì òpópónà látòkè délẹ̀ nínú dígí tín-ín-rín náà. Bí awò tí kò ju èékánná lọ bá lè gba odindi ṣọ́ọ̀ṣì, kí ló dé tí kò ní í gba odindi àpò ìtọ̀? Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń wo ọ̀pá tó ṣófo ni. Nitze ní kí wọ́n to awò sínú ọ̀pá náà, kí èyí tó wà lókè pátápátá fẹ ojú wíwò, kí àwọn tó tẹ̀ lé e máa gbé àwòrán náà bọ̀ wá bá ojú dókítà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, Nitze kì í sì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Ní Dresden, Wilhelm Deicke, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń rọ irinṣẹ́ àwọn dókítà, ló bá a rọ ọ̀pá náà. Ní Berlin, Louis Beneche, oníṣẹ́ awò, ló bá a to awọn awò tín-ín-rín inú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá, ọdún 1877, Nitze kó àwọn àgbà oníṣègùn ilẹ̀ Saxony jọ sí yàrá àyẹ̀wò òkú ní ọsibítù Dresden, ó ki irin rẹ̀ bọ inú òkú ènìyàn kan, ó sì jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe òjìji mọ́. Ògiri àpò ìtọ̀ ni, tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Irin tó ṣeé fi wo òkú kò tíì di irin tó ṣeé fi wo alààyè o. Ohun èlò náà tóbi, ó wúwo, wáyà rẹ̀ sì máa ń já. Deicke ti sa gbogbo ipá rẹ̀. Ìgbà náà ni Nitze di ẹrù rẹ̀, ó forí lé Vienna, ìlú kan náà tí wọ́n ti kọ iṣẹ́ Bozzini ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó wá lọ síbẹ̀ ni Josef Leiter, tí òkìkí rẹ̀ kàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá nínú iṣẹ́ rírọ irinṣẹ́ ìṣègùn. Leiter mọ irin, ó mọ iná mànàmáná, ó sì mọ ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá nínú ihò tó kéré ju koríko lọ. Òun àti Nitze jọ ṣiṣẹ́ náà títí ọ̀pá fi di ohun tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí mílímítà méje lọ, tí orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Inú ibi tó tẹ̀ yẹn ni wáyà platinum wà, fèrèsé kékeré kan sì wà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde. Ihò kan ń gbé omi tútù lọ, òmíràn ń gbé e padà bọ̀.

Ní ọdún 1879, Nitze gbé e dé iwájú Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà ní Vienna. Leopold von Dittel, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn oníṣẹ́ abẹ àpò ìtọ̀ nílùú náà, wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Orúkọ tí irin náà ń jẹ́ láti ìgbà náà ni cystoscope.

Ó yẹ kí ayọ̀ pọ̀. Ìjà ló tẹ̀ lé e.

Irin náà tí Leiter ń rọ tó sì ń tà ń jẹ́ irin Nitze àti Leiter. Lójú Nitze, èrò òun ni, Leiter kàn jẹ́ ọwọ́ tó bá òun rọ ọ́ ni. Lójú Leiter, èrò tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé wọ ara aláìsàn kò tíì di nǹkan kan, iṣẹ́ òun ló sọ ọ́ di irinṣẹ́. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, àwọn méjèèjì sì di ìjánu náà mú, kálukú ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí a bá fi òtítọ́ inú wò ó, Nitze ló lẹ́tọ̀ọ́ sí èrò náà, nítorí pé iná inú àti awò tó ń fẹ ojú wíwò ti wà nínú irin Dresden kí ó tó mọ Leiter. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ọwọ́ Leiter, inú yàrá òkú ni èrò náà ì bá parí sí. Nitze kò fẹ́ gba apá kejì ọ̀rọ̀ yìí láé. Wọ́n tú ká, ó sì padà sí Berlin ní ọdún 1880, ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí àìsàn kíndìnrín àti àpò ìtọ̀ ń bá jà. Leiter kò dúró dè é. Ní ọdún 1881, ó bá Jan Mikulicz ṣe irin tí wọ́n fi ń wo inú ikùn, láti inú ọgbọ́n kan náà.

Fún ọdún bíi mélòó kan, àwọn dókítà tó ra cystoscope kò pọ̀. Ta ló fẹ́ máa gbé bátìrì ńlá àti ọ̀pá omi kiri nítorí aláìsàn kan? Bí omi bá dúró ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ooru wáyà náà yóò bó aláìsàn lára nínú lọ́hùn-ún. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ti òkè òkun wá. Edison ti gbé gílóòbù iná rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1879, kò sì pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tó kéré gan-an. David Newman ní Glasgow lo irú rẹ̀ láti wo àpò ìtọ̀ ní ọdún 1883. Nígbà tí gílóòbù tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní Mignon dé, Nitze àti oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Berlin, Paul Hartwig, kì í bọ orí irin náà. Ooru rẹ̀ kò pọ̀, omi tútù kò sì nílò kó máa ṣàn mọ́. Ọdún 1887 ni èyí délẹ̀. Ní ọdún 1887 yìí kan náà ni Leiter náà gbé ti ara rẹ̀ jáde ní Vienna, ni ariyànjiyàn ta ló ṣáájú bá tún bẹ́ sílẹ̀. Leiter kú ní ọdún 1892, wọn kò sì parí rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni cystoscope ti di ohun tí dókítà kan ṣoṣo lè lò nínú yàrá rẹ̀. Yóò fọ àpò ìtọ̀ aláìsàn mọ́, yóò da omi tó mọ́ gaara sínú rẹ̀ kí ó lè fẹ̀, yóò wá máa yí irin náà díẹ̀díẹ̀, kí fèrèsé rẹ̀ lè kọjú sí igun kọ̀ọ̀kan. Nitze kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1889, ìwé tí àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ó tún ṣe irin tó lè ya fọ́tò inú àpò ìtọ̀, ó sì kó àwọn fọ́tò náà jọ sínú ìwé mìíràn ní ọdún 1894. Ẹni tí kò gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀ ti wá lè rí òkúta, kókó àti egbò nínú ìwé. Àìsàn tí Yorùbá ń pè ní àtọ̀sí ajá, tí kòkòrò inú odò ń fà, tó sì ń mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀, a máa fi àmì kan sílẹ̀ lára ògiri àpò ìtọ̀ tó dà bí iyanrìn. Irin ìran ti Nitze yìí ni dókítà fi ń rí i títí dòní.

Wíwò nìkan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Láàárín ọdún 1890 sí 1900, ó fi wáyà tó ta lókòtó sí ẹ̀gbẹ́ awò náà, tí dókítà lè fi kó kókó inú àpò ìtọ̀ lọ́rùn, kó fún un, kó sì fi iná jó ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé ikùn ni wọ́n ń là kí wọ́n tó lè ṣe é, ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni Nitze ń gbà ṣe é. Gbogbo iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ ṣe lónìí, títí kan bí wọ́n ṣe ń há próstéètì àwọn àgbà ọkùnrin kí ìtọ̀ wọn lè jáde, ìdí iṣẹ́ yìí ló ti ṣẹ̀ wá.

Àwọn mìíràn náà kò sùn. Ní ọdún 1895, Leopold Casper, tí òun náà wà ní Berlin, gbé irin kan jáde tó lè ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín wá, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń ṣàìsàn nínú kíndìnrín méjèèjì. Nitze ní òun ti ń ṣe irú rẹ̀. Ìjà mìíràn tún dé, èyí tó gba ọ̀pọ̀ ojú ìwé ìròyìn àwọn dókítà. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń fa èyí ni Joaquín Albarrán, ọmọ bíbí ilẹ̀ Kúbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, ti fi ahọ́n irin kékeré kan sí orí cystoscope ní ọdún 1897. Ahọ́n yìí ló ń gbé orí rọ́bà náà sókè, tó ń darí rẹ̀ sí ojú ihò gan-an. Ó ṣì wà lára irú irin bẹ́ẹ̀ lónìí, orúkọ Albarrán náà ló sì ń jẹ́. Ó ṣòro láti ka ìtàn yìí kí a má rò pé bí Nitze bá ti fi ìdajì agbára tó fi ń jà sí ìdí àgbẹ̀dẹ ni, kò sí ẹni tí ì bá lé e bá. Ṣùgbọ́n ìfura tó mú un jà kò yàtọ̀ sí ìtẹramọ́ṣẹ́ tó gbé e láti Dresden dé Vienna nígbà tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Yunifásítì Berlin fún un ní oyè ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn dókítà sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kú ní Berlin ní oṣù kejì, ọdún 1906, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ìtọ̀ sílẹ̀ ní Jámánì. Ẹ̀bùn kan wà tí ẹgbẹ́ náà ń fún àwọn olùwádìí, orúkọ Nitze ni wọ́n fi sọ ọ́.

Nítorí pé mílímítà méje ni irin rẹ̀, àgbàlagbà ló wà fún. Ọ̀nà ìtọ̀ ọmọ ìkókó kò lè gbà á láé. Ìyà yìí jẹ àwọn ọmọ ọkùnrin kan tí wọ́n ń bí pẹ̀lú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó dí ọ̀nà ìtọ̀ wọn nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, tó jẹ́ pé ìtọ̀ wọn a máa padà sẹ́yìn lọ ba kíndìnrín wọn jẹ́. Hugh Hampton Young ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé àìsàn yìí kíkún ní ọdún 1919, ṣùgbọ́n irin tó lè wọ ara ọmọ tuntun ṣì wọ́n. Ọ̀mọ̀wé Harold Hopkins ní England ló yí i padà ní ọdún 1959. Nínú irin Nitze, awò kékeré ló wà káàkiri, afẹ́fẹ́ sì wà láàárín wọn. Hopkins ní kí wọ́n fi dígí gígùn bí igi dí àyè afẹ́fẹ́ náà, kí afẹ́fẹ́ kékeré tó kù máa ṣe iṣẹ́ awò. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú dókítà wá pọ̀ ní ìlọ́po lọ́nà tí irin fi lè tín-ín-rín láìjẹ́ pé àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn. Karl Storz ní Jámánì rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e dé ọjà láàárín ọdún 1960 sí 1970. Gílóòbù orí irin náà di ohun àtijọ́; okùn dígí ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ láti ìta wọ inú lọ báyìí.

Irin tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ ìkókó lónìí kò tó mílímítà mẹ́ta. Dókítà yóò kì í wọlé, yóò rí awọ náà tó tàn yẹ́ríyẹ́rí nínú omi, yóò fi wáyà tó gba ẹ̀gbẹ́ awò náà gé e. Kí wọ́n tó gbé ọmọ náà padà fún ìyá rẹ̀, ìtọ̀ ti ń ṣàn.